Gìgísẹ̀ Tó Ń Dunni ní Àfẹ̀mọ́jú: Ọ̀rọ̀ fún Àwa Tí A Ń Sáré Lẹ́yìn Àsùbáà



Nígbà kan, bí ènìyàn bá rí àgbàlagbà tó ń sáré lójú títì lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ohun tí yóò kọ́kọ́ bi í ni pé kí ló ń lé e. Ayé ti yí padà. Lónìí, àwọn bàbá tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ń sáré yí àdúgbò ká kí wọ́n tó múra ibi iṣẹ́. Àwọn ìyá wa tó ń bọ̀ láti àsàlátù ń fi hìjáàbù àti bàtà kanfáàsì rin ìrìn kánkán, ìrìn náà sì ti di eré lẹ́sẹ̀ àwọn míì. Àwọn ọ̀dọ́ ń múra fún eré ẹlẹ́mìí ẹṣin ìlú Èkó, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, tí wọ́n máa ń sá láti pápá ìṣeré Sùúrùlérè títí dé Eko Atlantic, kìlómítà 42 gbáko.

A dúpẹ́ fún Ọlọ́hun lórí èyí. Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pàápàá bá ìyàwó rẹ̀ Àíṣà sá eré ìje, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà nínú àkójọ hádíìsì Abu Dawud. Ìyàwó ló kọ́kọ́ borí. Nígbà tó yá tí ara rẹ̀ ti sanra díẹ̀, ọkọ ló borí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé eré sísá kò yẹ ọmọlúàbí.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí eré ti gbilẹ̀ láàárín wa ni ẹ̀sùn tuntun kan ti ń wá sídìí tábìlì ìlera tí a máa ń tẹ́ síta lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ni. Nísinsìnyí, ènìyàn yóò bọ́ bàtà, yóò sì na gìgísẹ̀ sí wa. Ọ̀rọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra pátá: "Bí mo bá jí, tí mo gbé ẹsẹ̀ lélẹ̀ láti lọ ṣe àlùwàlá, ńṣe ló dà bí ìgbà tí mo tẹ ìṣó. Kí n tó dé mọ́sálásí, ó ti rọ̀. Tí mo bá jókòó gbọ́ wáàsí, tí mo tún dìde, ó tún bẹ̀rẹ̀."

Ẹni tó bá ti sọ báyìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ àìsàn náà. Plantar fasciitis ni àwọn dókítà ń pè é. Àwọn ará ilé ní orúkọ tiwọn. Àwọn kan ní làkúrègbé ni. Àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ kò sàn dé ẹsẹ̀. Àwọn míì, ó sì dùn wá láti sọ pé a ń gbọ́ èyí lẹ́nu àwọn tó ń kírun, wọ́n ní ẹnì kan ló gbé nǹkan sílẹ̀ tí olóore ẹsẹ̀ náà fi tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á wá gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò sín gbẹ́rẹ́ sí gìgísẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba gìgísẹ̀ lọ́wọ́ abẹ. Ojú gbẹ́rẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ tó ń tẹ ilẹ̀ mọ́sálásí, ilé ìwẹ̀ àti ọjà, ọ̀nà kòkòrò ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó wà níbẹ̀ gan-an. Lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ni iṣan pẹlẹbẹ kan wà, ó nípọn, ó sì yi. Ó so mọ́ egungun gìgísẹ̀, ó sì nà lọ títí dé ìdí àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ó rí bí ọ̀já tí ìyá fi ń di ọmọ mẹ́yìn, nítorí náà a ó máa pè é ní ọ̀já àtẹ́lẹsẹ̀. Òun ló gbé kòtò àárín àtẹ́lẹsẹ̀ dúró kí ó má baà tẹ́ pẹrẹsẹ nígbà tí a bá fi ara lé e. Gbogbo ìgbésẹ̀ ni ó ń nà, tí ó sì ń padà. Bí ẹrù bá pọ̀ jù fún un, tí kò sì rí àyè sinmi, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá díẹ̀díẹ̀ ní ibi tó ti so mọ́ gìgísẹ̀, ní apá inú. Ní òru, bí ẹsẹ̀ bá sinmi, ó máa ń súnkì. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ tí a bá gbé ní àfẹ̀mọ́jú ló máa fà á yọ lójijì. Ìdí nìyẹn tí ìrora fi máa ń dúró de ènìyàn lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì.

Fún àwọn tó ń sáré, ohun tó máa ń dá a sílẹ̀ jù ni ìkánjú. Ẹni tí kò sáré láti ìgbà tó ti jáde ilé ìwé yóò fi ọ̀sẹ̀ kan pinnu, yóò sì sá kìlómítà 5 lójoojúmọ́. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró lè tètè mọ́ ọn lára. Ọ̀já àtẹ́lẹsẹ̀ kì í tètè mọ́ ọn. Ó ń fẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù. Bí ara bá tún wúwo, tí iṣan ẹ̀yìn ojúgun bá le, tí iṣẹ́ ẹni bá jẹ́ ti ìdúró láti àárọ̀ dalẹ́ bíi tiṣà, télọ̀ tó ń gé aṣọ, tàbí ìyá tó ń dáná fún òde, ẹrù tó wà lórí ọ̀já yìí ti pọ̀ kí a tó fi eré kún un. Àwọn kan ti ya fọ́tò X-ray, wọ́n sì rí egungun kékeré tó yọ bí ẹ̀gún ní gìgísẹ̀, ẹ̀rù sì bà wọ́n. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní irú ẹ̀gún bẹ́ẹ̀ tí ibẹ̀ kò dùn wọ́n rí, ẹlòmíràn sì ń jẹ̀rora tí kò ní i.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ oògùn. Oògùn ni a ń tà jẹun, nítorí náà ẹ gbà wá gbọ́ bí a bá ní kí ẹ má rà á púpọ̀.

Ohun tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn lọ sí kẹ́míìsì tó sún mọ́ ọn, kí ó ní "ẹ fún mi ní oògùn ara ríro tó le." Wọn yóò sì to nǹkan pọ̀ fún un: diclofenac, ibuprofen, piroxicam, àti hóró funfun kékeré kan tí wọn kì í sọ orúkọ rẹ̀. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹni tó bá lo méjì pọ̀ kò rí ìwòsàn ìlọ́po méjì. Ewu ló di ìlọ́po: ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru, kíndìnrín tó ń rẹ̀. Ẹni tó ń lo lisinopril tàbí oògùn tó ń mú ni tọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ yẹra fún wọn àfi bí dókítà bá fọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ti ní ọgbẹ́ inú rí, ẹni tí ikọ́ fée ń bá jà, àti aboyún, pàápàá láti ọ̀sẹ̀ 20 lọ sókè.

Hóró kékeré tí kò lórúkọ yẹn, dexamethasone tàbí prednisolone ni ó máa ń jẹ́. Òun ló ń mú kí aláìsàn sọ ní ọjọ́ kejì pé "oògùn yẹn mà ṣiṣẹ́ o!" Ó ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ó ń mú egungun gbẹ, ó sì ń dín agbára tí ara fi ń bá kòkòrò jà kù bí a bá ń lò ó léraléra. Bí wọn kò bá lè sọ orúkọ oògùn fún yín, ẹ má gbé e mì. Àwọn àgbo inú rọ́bà tó ń ṣiṣẹ́ láàárín wákàtí kan, ẹ fura sí àwọn náà. Kò sí ewé tí a mọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tó jẹ wá lọ́kàn jù nípa àwọn tó ń sáré ni pé oògùn ìrora kì í wo ọ̀já àtẹ́lẹsẹ̀ sàn. Ọ̀já tó ti ń ṣá ni, kì í ṣe ara wíwú lásán tí oògùn yóò gbé lọ. Ìrora ń sọ fún ẹsẹ̀ pé ó tó gẹ́ẹ́. Bí a bá fi hóró méjì pa á lẹ́nu mọ́ ní àárọ̀, tí a sì jáde lọ sá kìlómítà 10, ibi tó ti ṣá yóò tún ṣá sí i. Yàtọ̀ sí èyí, lílo ibuprofen tàbí diclofenac kí a tó sáré gígùn nínú oòrùn, nígbà tí ara ti pàdánù omi, lè ṣe kíndìnrín ní jàǹbá. Bí ìrora bá le, paracetamol hóró 2 lẹ́ẹ̀kan, tí kò ju hóró 8 ti 500 mg lọ láàárín wákàtí 24, tàbí ìpara diclofenac, ti tó fún ọjọ́ mélòó kan. Nínú ààwẹ̀ Rámádánì, ẹni tí dókítà fún ní ibuprofen kí ó lò ó lẹ́yìn oúnjẹ ìṣínu, kí ó má lò ó nínú òfìfo. Ní ti ìpara, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ fíkíhì àgbáyé tó pàdé ní Jeddah ní 1997 ti sọ pé oògùn tí a fi pa awọ ara kò ba ààwẹ̀ jẹ́.

Oògùn kan tún wà tí ènìyàn kì í fura sí. Ciprofloxacin àti levofloxacin, tí ọ̀pọ̀ wa ń rà fún "táífọ́ọ̀dì" láìṣe àyẹ̀wò, lè ba iṣan tó so ẹ̀yìn ojúgun mọ́ gìgísẹ̀ jẹ́, kódà ó lè já. Láti 2008 ni àjọ FDA ti Amẹ́ríkà ti pàṣẹ kí a kọ ìkìlọ̀ ńlá nípa rẹ̀ sára àwọn oògùn wọ̀nyí. Ewu náà pọ̀ sí i fún ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún àti ẹni tó ń lo dexamethasone pọ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ̀yìn gìgísẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn nígbà tí ẹ ń lo èyíkéyìí nínú wọn, ẹ dá eré dúró, ẹ sì padà sọ́dọ̀ ẹni tó fún yín lóògùn ní ọjọ́ yẹn gan-an.

Kí ni a wá ń ṣe? Nínà àti fífún ọ̀já náà lókun ni. Kò ná ni lówó, bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn kì í fi gbà á gbọ́.

Kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, ẹ jókòó, ẹ gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn lé orúnkún kejì. Ẹ fi ọwọ́ kan mú gbogbo ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà, ẹ fà wọ́n sẹ́yìn sí ọ̀nà ojúgun. Ẹ fi ìka ọwọ́ kejì kan àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀já náà ti le tantan bí okùn. Ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ẹ tó fi sílẹ̀; ẹ ṣe é nígbà 10. Ẹni tí kò ní aago nítòsí, SubhanAllah 10 pẹ̀lú ìfarabalẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá 10. Ẹ tún un ṣe nígbà méjì sí i lójúmọ́, pàápàá lẹ́yìn tí ẹ bá ti jókòó pẹ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ kọjú sí ògiri, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tì í, kí ẹsẹ̀ tó ń dùn wà lẹ́yìn, kí orúnkún rẹ̀ nà, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ má kúrò nílẹ̀. Ẹ tẹ̀ síwájú títí ẹ̀yìn ojúgun yóò fi fà. Ìṣẹ́jú àáyá 30, nígbà mẹ́ta.

Èyí tó ń fún un lókun ló ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó fẹ́ padà sídìí eré. Ẹ dúró létí àtẹ̀gùn, ẹ di ògiri tàbí irin mú. Ẹ ká aṣọ ìnura kékeré, ẹ fi sábẹ́ àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ kí wọ́n lè gbé sókè, kí gìgísẹ̀ wà lófuurufú. Ẹ rọra gòkè fún ìṣẹ́jú àáyá 3, ẹ dúró lókè fún 2, ẹ rọra sọ̀ kalẹ̀ fún 3. Ìgbà 12, ẹ sinmi díẹ̀, ẹ tún un ṣe. Ẹ fi ọjọ́ kan ṣe é, ẹ fi ọjọ́ kan sinmi. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni kí ẹ kọ́kọ́ lò, bí ó bá ti rọrùn kí ẹ lo ẹyọ kan, bí ó bá tún rọrùn kí ẹ gbé báàgì tí ìwé wà nínú rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn. Yóò dùn díẹ̀. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí ó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta kí ẹ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tó ní àìsàn yìí ló máa ń gbádùn láàárín ọdún kan láìsí iṣẹ́ abẹ.

Rọ́bà omi kékeré tó ti dì nínú fìrísà náà dára: ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí i síwá sẹ́yìn fún ìṣẹ́jú 10 ní alẹ́. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kú kí ó má ṣe èyí, nítorí omi dídì lè jó ẹsẹ̀ rẹ̀ láìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan ilé Mùsùlùmí gan-an. A kì í wọ bàtà wọ yàrá, nítorí ìmọ́tótó àti nítorí ìrun. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ yàrá wa ti di táìlì, táìlì sì le bí òkúta. Ẹsẹ̀ lásán lórí táìlì láti àárọ̀ dalẹ́ ń ba ohun tí ìdárayá ń tún ṣe jẹ́. Ẹ ra sílípáàsì tó nípọn ní ìdí, ẹ fi sílẹ̀ fún inú ilé nìkan, kí ó má dé ilé ìyàgbẹ́, kí ó má sì jáde síta. Kí ó wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, kí ó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ẹsẹ̀ yóò kàn. Lẹ́yìn àlùwàlá, ẹ nu àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbẹ kí ẹ tó wọ ìbọ̀sẹ̀ lọ sáré. Ẹsẹ̀ jíjẹra kò ṣeé fi kún gìgísẹ̀ dídùn.

Ní ti bàtà eré, a mọ̀ pé òkìríkà ni ọ̀pọ̀ wa ń rà. Kò burú, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ pọ̀: iwájú, níbi ọmọ ìka ẹsẹ̀, ni kí ó ti tẹ̀. Bí ó bá tẹ̀ ní àárín bí ìwé, ẹ dá a padà. Ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ti jẹ, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ló ti jẹ ẹ́, yóò sì tẹ ẹsẹ̀ yín síbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ rà á, nígbà tí ẹsẹ̀ ti gbà díẹ̀ sí i. Bàtà eré tuntun pàápàá, lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 500 sí 800, tìmùtìmù inú rẹ̀ ti kú bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ń dán.

Àwọn kan ń béèrè nípa ìrun. Ìjókòó àtáyà, tí a máa ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún nàró tí ọmọ ìka rẹ̀ tẹ̀ sí ọ̀nà Kíbúlà, ń na ọ̀já yìí dáadáa. Bí ó bá ṣeé fara dà, kò léwu, ìdárayá ni. Bí kò bá ṣeé fara dà, ẹ na ẹsẹ̀ náà bó bá ṣe rọrùn, tàbí kí ẹ lo àga. Ẹ̀sìn wa ti fi àyè sílẹ̀ fún aláìsàn. Àwọn tó ń múra Hájì, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá dé ibẹ̀. Ìrìn Sáfá sí Máríwá nígbà méje jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 3 lórí òkúta dídán, yàtọ̀ sí Tàwáfù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìdárayá yìí ní oṣù mẹ́ta ṣáájú.

Bí ó bá jẹ́ ọmọ yín ló ń sunkún gìgísẹ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù tàbí eré ìje ilé ìwé, tí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín ọdún 8 sí 14, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Ibi tí egungun gìgísẹ̀ ọmọdé ti ń dàgbà ni ó máa ń dùn, yóò sì lọ bí ó bá ń dàgbà. Ẹ dín eré rẹ̀ kù, ẹ má sọ pé ọ̀lẹ ni. Àmọ́ bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ SS, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ láìdúró.

Àgbàlagbà náà yóò lọ rí dókítà kíákíá bí ìrora bá ń jí i lóru, bí gìgísẹ̀ bá wú tàbí tó gbóná, bí ara bá ń gbóná pẹ̀lú rẹ̀, bí ẹsẹ̀ bá ń kú tàbí tó ń ta gìrìgìrì, tàbí bí ó bá gbọ́ ìró "pò" nígbà tó ń sáré tí kò sì lè fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́. Bí fífún gìgísẹ̀ lọ́tùn-ún lósì bá dùn ju títẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, egungun lè ti sán. Ẹni tí gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń dùn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì máa ń le gan-an láàárọ̀, kí ó jẹ́ kí wọ́n yẹ oríkèé rẹ̀ wò. Bí dókítà bá sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ sínú gìgísẹ̀, ẹ bi í léèrè ewu rẹ̀. Ó lè dín ìrora kù fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ọ̀já náà já tàbí kí ọ̀rá tó wà lábẹ́ gìgísẹ̀ joro, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a ń gbà léraléra, pàápàá lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe dókítà.

Ìgbà wo ni kí ènìyàn padà sáré? Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ gbé lọ ṣe àlùwàlá Àsùbáà ni kí ẹ fi ṣe adájọ́. Bí ó bá ti ku díẹ̀ ni ó ń dùn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 4, ẹ sáré fún ìṣẹ́jú 1, nígbà márùn-ún, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Bí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kò bá burú ju ti àná lọ, ẹ lè fi ìṣẹ́jú kan kún eré ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ yọ ọ́ nínú ìrìn. Bí ó bá burú sí i, ẹ padà sẹ́yìn ní ìpele kan. Ẹ fi ọjọ́ kan sinmi láàárín eré kan sí èkejì. Kẹ̀kẹ́ gígùn àti odò wíwẹ̀ kò ní ewu fún un ní àkókò yìí.

Tábìlì wa ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi àlùwàlá lẹ́yìn gbogbo ìrun Jímọ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀ nítorí gìgísẹ̀ kí ó mú bàtà tó fi ń sáré dání, àti gbogbo oògùn tó ti lò nínú páálí wọn.